Owó Ìjọba fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùkọ́ Ọmọ Kékeré: Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà àti Ibi Tí Kì í Dé ní Àbújá

Ìjọba àpapọ̀ ní owó tí ó yà sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, apá kan nínú owó náà sì wà fún dídá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní Kubwa, ní Nyanya, ní Lugbe tàbí ní Gwagwalada, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ tí yóò bá níbẹ̀ má tíì jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan tí owó ìjọba san láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní olú-ìlú àpapọ̀ àti káàkiri Òkè Ọya, nítorí pé bàbá àti ìyá ló máa ń jáde fún iṣẹ́ láàárọ̀, ìyá àgbà tí ì bá sì bá wọn tọ́jú ọmọ wà ní Ìbàdàn, ní Ìkìrun tàbí ní Ọ̀fà. Ọwọ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ náà ń wà fún wákàtí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀sán. Ó yẹ kí a mọ bí owó náà ṣe ń rìn, ẹni tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìdí tí kì í fi í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé.

Òfin tí gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004. Ètò náà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òfin: Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló ṣí i ní Ṣókótó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999. Òfin ọdún 2004 dá àjọ UBEC, tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó tí ó bá wọ àpò àpapọ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ àjọ náà, yàtọ̀ sí owó tí ó lè ti ọ̀dọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa òfin yìí ni pé ó ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbangba, pẹ̀lú ọdún mẹ́sàn-án tí ọmọ ń lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ ní girama. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpò ìjọba, òfin kò bá a sọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí òfin náà dé orí ọ̀rọ̀ ohun tí ó jẹ́ dandan fún òbí, ọdún mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni ó mẹ́nu bà. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ètò ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013, wá fi ọdún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún un, kí ọmọ ọdún márùn-ún lè máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rí yàrá àwọn ọmọ kékeré nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lónìí. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọwọ́ aládàáni ni púpọ̀ nínú wọn wà.

Owó UBEC kì í dédé jáde. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ àti fún Àbújá ní ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀, kí ó sì fi ètò iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí àjọ náà fún ìfọwọ́sí. Bí ìpínlẹ̀ náà kò bá mú tirẹ̀ wá, owó náà yóò wà níbi tí ó wà, àwọn ọmọ yóò sì máa dàgbà. Àwọn ará Kwárà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí dáadáa, nítorí pé fún ọdún díẹ̀ ṣáájú 2019, ìpínlẹ̀ náà kò rí owó UBEC gbà. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n san owó ìdásí tí ó ti jọ sílẹ̀ ni ọ̀nà tó ṣí padà. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ilẹ̀kùn náà tì ti kúrò ní yàrá jẹ́lé-ó-sinmi tipẹ́ kí ó tó ṣí.

Nínú owó tí wọ́n ń pín bẹ́ẹ̀, ìlànà àjọ náà sọ iye tí ó yẹ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbà: ìdá 60 nínú 100 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdá 35 fún ìpele àkọ́kọ́ ní girama, ìdá 5 péré fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ìdá 5 yẹn kì í ṣe ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nìkan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ yàrá, tí wọ́n ti ń ra àga kéékèèké, ẹní, ohun ìṣeré àti ìwé aláwòrán, nígbà tí ó sì bá kù díẹ̀ ni wọ́n ń rántí ẹni tí yóò lo gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Èmi gbà pé yàrá tí òjò ń jò kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ọmọ jókòó sí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kọ́ ilé. Àmọ́ owó ilé kíkọ́ ní agbaṣẹ́ṣe tí ń lépa rẹ̀, ó ní fọ́tò tí a lè yà lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó sì ní orúkọ tí a lè kọ sára ògiri. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Òun ló fi máa ń jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù nígbà tí owó bá fún.

Apá mìíràn tún wà nínú owó UBEC tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní tààrà fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ olùkọ́, tí kò sí nínú èyí tí ìpínlẹ̀ ń fi owó tirẹ̀ gbà. Èyí ló ń san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a máa ń gbọ́ pé wọ́n ṣe fún àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi gígùn. Ṣùgbọ́n orúkọ olùkọ́ tí yóò lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ìwé yẹn sì ni ìwé owó oṣù. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún àwọn tí ń tọ́jú ọmọ kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Òkè Ọya, ẹni tí ó wà nínú yàrá àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba rárá. Ó lè jẹ́ ìyá kan ládùúgbò tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣèrànwọ́, tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń dá owó díẹ̀ fún lóṣooṣù nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama tí ó ń retí kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Òun ni àwọn ọmọ ń pè ní àǹtí, òun ni wọ́n ń sá tọ̀ bí wọ́n bá ṣubú, síbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí ìjọba lè fi pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí orúkọ bá jáde, olùkọ́ kíláàsì kẹta tàbí kẹrin ni yóò lọ ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ náà, yóò padà pẹ̀lú báàgì àti ìwé ìléwọ́, yàrá àwọn ọmọ kékeré yóò sì wà bí ó ti wà.

Àbújá tún ní ìṣòro tirẹ̀ lórí èyí, nítorí pé kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò sì ní gómìnà. Mínísítà ló ń ṣàkóso rẹ̀ lórúkọ Ààrẹ; ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ Àbújá, tí a mọ̀ sí FCT UBEB, ló ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́; àpò káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn Abuja Municipal, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, ni owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti ń jáde. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìkòkò kan, ó sì rọrùn fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láti sọ pé ti ẹnìkejì ni. Lọ́dún 2025, a rí ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, ní oṣù keje ọdún 2024, àmọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Àbújá kò rí i gbà lọ́wọ́ àwọn káńsù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ṣí títí di oṣù keje. Àwọn òbí tí wọ́n ní agbára kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn tí kò ní jókòó ti ọmọ wọn sílé. Fún ọmọ ọdún márùn-ún, ohun tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ láìsí olùkọ́ kì í ṣe ìsinmi lásán, nítorí pé ọdún kan ṣoṣo ni ìlànà fún un kí ó tó wọ kíláàsì kìíní. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ tí kò tíì mọ ìgbà tí owó oṣù rẹ̀ yóò pé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó oṣù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ìjọba tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣúná yóò bá wọn pa pọ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni apá tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Àbújá, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Láti Dutse Alhaji dé Karu, kò sí òpópónà tí kò ní ilé gbígbé kan tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ mèremère, tí wọ́n ya àwòrán ẹranko sára odi rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ọmọ láti ọmọ oṣù mẹ́ta lọ sókè. Àwọn kan nínú wọn dára gidigidi, owó wọn sì ga. Àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n ni wọ́n pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọmọ oníṣòwò, ọmọ awakọ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kéékèèké àti ọmọ télọ̀ ń lọ. Olùkọ́ ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí girama, tí owó oṣù rẹ̀ kéré débi pé owó ọkọ̀ láti Mararaba wá ń jẹ apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Òfin sọ pé olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ́ ni láìní NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí à ń gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ó kéré tán, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ TRCN tí ó ń mójú tó iṣẹ́ olùkọ́. Ìjọba tilẹ̀ fi ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù kejìlá ọdún 2019 ṣe gbèdéke fún àwọn tí kò bá tíì ní in. Gbèdéke náà kọjá. Kò sí owó kankan tí ó tẹ̀ lé e tí yóò ran ẹni tí ó ń gba owó kékeré lọ́wọ́ láti lọ gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ní kí ó ní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó yẹ kó san owó náà. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò ní in. Ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù, ẹ̀rù rẹ̀ sì ní ìdí: bí ó bá fi owó rán olùkọ́ rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ú lọ ní Gwarinpa tàbí Wuse lè fi owó oṣù tí ó pọ̀ jù lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Òbí ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sì lè mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà bóyá olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ní ìdí tí ó tó láti san án, bẹ́ẹ̀ sì ni èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn; ọmọ ló ń jẹ ẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà yóò lọ ń jẹ ẹ́, ìlú sì ń jẹ ẹ́. Irú ohun tí ó bá rí báyìí ni àpò ìjọba wà fún. Ṣùgbọ́n owó UBEC jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Owó TETFund, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san gẹ́gẹ́ bí owó orí, wà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ó sì lè rán olùkọ́ àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí òkè òkun láti gba oyè, àmọ́ kò ní ọ̀nà tí ó gbà dé yàrá jẹ́lé-ó-sinmi ní Nyanya. Owó ìjọba ń tẹ̀ lé ẹni tí ó ni ilé. Kò tẹ̀ lé ẹni tí ó jókòó ti ọmọ.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí ìjọba ti gbìyànjú láti gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ NTI ní Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń ṣe kíláàsì ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi kí olùkọ́ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ kékeré ní Òkè Ọya lónìí ni wọ́n gba NCE wọn bẹ́ẹ̀, owó ara wọn ni púpọ̀ nínú wọn sì fi san án. Àjọ NCCE, tí ń darí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, tún ìlànà NCE ṣe ní ọdún 2012, ó sì sọ ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré di iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tirẹ̀, dípò kí ó jẹ́ àfikún lásán. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2021, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, kéde pé ìjọba yóò máa fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ₦50,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń gba oyè ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba yóò sì máa gba ₦75,000. Gbogbo èyí wà fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀, tí ọmọ mẹ́tàlélógójì wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ìlànà sọ pé kí ó má ju 25 lọ, kò sí ìkéde tí ó dárúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an jẹ́, nítorí pé bí a kò bá sọ ọ́, a ó kàn máa béèrè owó. Kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ohùn pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ lè pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó kàn ń tijú àti ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, kí ó lè sọ fún òbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kí ó tó pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí eré ṣíṣe ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, bí a ṣe ń dá ìjà láàárín ọmọ méjì dúró láìlo ẹgba, àti ohun tí a ń ṣe fún ọmọ tí ó ń sọkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò sí èyí tí ènìyàn lè mọ̀ láti inú ìwé ìléwọ́ nìkan. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìjọba sábà ń gbà ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn díẹ̀ ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn díẹ̀ yẹn lọ kọ́ àwọn mìíràn ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, àwọn yẹn náà lọ kọ́ àwọn mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò: olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì lo òwúrọ̀ kan pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta rí kò lè kọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe ń ṣe é.

Ní Ghánà, níbi tí ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ láti ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan ní ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016 ní ilé-ẹ̀kọ́ 240 ní agbègbè Accra, ti ìjọba àti ti aládàáni pọ̀. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ péré láàárín ọdún, wọ́n pín in sí ìgbà mẹ́ta, àwọn atọ́nisọ́nà sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti wo bí wọ́n ṣe ń lo ohun tí wọ́n kọ́. Ọ̀nà ìkọ́ni wọn dára sí i, àárẹ̀ ọkàn tí iṣẹ́ náà ń kó bá wọn dín kù, àwọn ọmọ náà sì múra sílẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú àbájáde rẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti fi ìpàdé òbí kún un, láti la àwọn òbí lóye nípa bí ọmọ kékeré ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, èrè tí àwọn ọmọ jẹ dín kù. Ẹni tí ó bá ń gbé Àbújá kò ní ṣòro fún láti ronú ìdí rẹ̀. Àwọn òbí wa fẹ́ rí ìwé tí ọmọ ọdún mẹ́ta kọ, wọ́n fẹ́ kí ó ka A dé Z kí sáà tó parí, bí olùkọ́ bá sì ń bá a ṣeré, wọ́n á ní owó àwọn ń ṣòfò. Olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa nílò kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí jẹ́ kí ó lo ohun tí ó kọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wọ inú rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà yẹn, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti jiyàn lórí ohun tí èyí ṣe fún ọmọ, àwa tí a mọ iṣẹ́ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì mọ ibi tí a dúró sí. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ owó ni pé ìyípadà méjì láàárín ọdún mẹ́ta túmọ̀ sí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ṣe lórí ti àkọ́kọ́ ti di àtijọ́. Ní Àbújá, níbi tí ọmọ Gbagyi, ọmọ Haúsá, ọmọ Igbo, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Tiv lè jókòó sórí ẹní kan, olùkọ́ nílò ìrànlọ́wọ́ láti mọ bí yóò ṣe ṣí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè yòówù kí ìlànà sọ. N kò tíì rí ìkéde tí ó ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìyẹn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àìnáwó lórí olùkọ́ ń bí, Kàdúná ti fi hàn wá. Ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dán nǹkan bí 33,000 olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò pẹ̀lú ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì kẹrin yẹ kí ó lè dáhùn. 21,780 nínú wọn kò rí ìdá 75 nínú 100 tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n gbà. Wọ́n lé wọn, wọ́n sì gba àwọn mìíràn. Èmi kò sọ pé kí olùkọ́ tí kò mọ̀wé máa kọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdánwò ń sọ ẹni tí ó kùnà, kò sọ ẹni tí ó yẹ kí ó ti kọ́ ọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò kọ́ ọ.

Owó tuntun tí ó ń bọ̀ báyìí, yíyá ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Báǹkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 611 dọ́là fún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n pè ní BESDA láti ọdún 2017, èyí tí ó kan ìpínlẹ̀ 17, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Òkè Ọya. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, báǹkì náà tún fọwọ́ sí mílíọ̀nù 500 dọ́là fún ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n pè ní HOPE-EDU. Gbèsè ni, àwọn ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ni yóò sì bá wa san án. Ó tọ́ kí a béèrè iye tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, níbi àpérò àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré tí wọ́n ṣe ní Tashkent, olú-ìlú Uzbekistan, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí ó kéré tán, ìdá 10 nínú 100 owó ẹ̀kọ́ máa lọ sí ìpele ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí owó oṣù olùkọ́ ibẹ̀ sì bá ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ́gba. Ìdá 5 inú ìlànà UBEC jẹ́ ìdajì iye yẹn, kì í sì í ṣe inú gbogbo owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Àjọ UNICEF sọ pé ìdá 35.6 nínú 100 àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 36 sí 59 ló ń rí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí gbà ní Nàìjíríà. Bí a bá fẹ́ mú àwọn yòókù wọlé, olùkọ́ ni a ó kọ́kọ́ wá.

Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ náà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá ni kí FCT UBEB ṣe ìwé orúkọ gbogbo ẹni tí ń tọ́jú ọmọ kékeré, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ òbí ń san owó fún, ìbáà jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni olówó kékeré. Ìgbà tí orúkọ bá ti wà ni owó lè rí ẹni tí yóò tọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ya iye kan sọ́tọ̀ nínú ìdá 5 yẹn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má lè fi í ra páànù. Fún àwọn olùkọ́ aládàáni, ìjọba lè san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tààrà fún ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, láìfi kọ́bọ̀ kan lé ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Bí olùkọ́ náà bá sì ṣí lọ sí Wuse lọ́dún tí ó ń bọ̀, ọmọ Àbújá náà ni yóò ṣì máa kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Zuba sún mọ́ tòsí, àwọn olùkọ́ àgbà rẹ̀ sì lè máa lọ bẹ àwọn olùkọ́ wò nínú yàrá wọn ní Gwagwalada, ní Kwali àti ní Kuje, dípò kí a máa kó wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà lọ́wọ́ àwọn káńsù, kò sì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè bo àìsan rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òbí náà ní ohun tí ó lè ṣe, èyí tí kò ná an lówó. Ètò iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí UBEC kí owó tó jáde jẹ́ ìwé ìlú. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wà nínú rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n fi hàn wọ́n, kí wọ́n sì wo iye olùkọ́ ọmọ kékeré tí ó wà níbẹ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, àti bóyá ẹnikẹ́ni yóò wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lè bi ọ̀gá ibẹ̀ léèrè irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ọmọ náà gbà láàárín ọdún tí ó kọjá, kí ó tó béèrè ìgbà tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.